Kí Clownfish Méjì Tó Di Tọkọtaya

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin clownfish, ẹja òkun kékeré kan, ni pé, "Báwo ni mo ṣe máa mọ akọ yàtọ̀ sí abo?" Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú. Nínú àwọn ẹja kéékèèké tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú táǹkì ẹni tó ń tà wọ́n, ó ṣeé ṣe kí abo kankan má tíì sí níbẹ̀. Kò sí clownfish tó jáde nínú ẹyin ní abo. Akọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dà bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà, èyí tó bá sì gba ipò ọ̀gá lára àwọn tó jọ ń gbé ni yóò di abo. Tó bá ti di abo, ó parí nìyẹn. Kò ní padà di akọ mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹni tí èyí bá yé yóò rí i pé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun yàtọ̀ sí èyí tí òun rò. A kì í wá ọkọ fún ìyàwó. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí ẹja méjì mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, kí ọ̀rọ̀ náà sì yanjú láìjẹ́ pé ọ̀kan kú sí i. Tí wọ́n bá ti gbà fún ara wọn tán, akọ àti abo á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òkun. Anemone ni ilé wọn, ẹ̀dá kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta, tó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún fún oró. Oró yẹn kì í pa clownfish lára, ṣùgbọ́n ó ń lé àwọn ẹja tó fẹ́ jẹ wọ́n sẹ́yìn. Nínú anemone kan, ẹ ó rí abo kan tó tóbi jù, akọ kan tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn kéékèèké díẹ̀ tí wọn ò tíì máa bímọ, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré pátápátá. Bí abo bá kú, akọ á di abo, èyí tó ga jù láàárín àwọn kéékèèké á sì di akọ. Peter Buston, tó ṣe ìwádìí lórí irú tí wọ́n ń pè ní Amphiprion percula lómi òkun Papua New Guinea, fi hàn ní 2003 pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa ń fúnra wọn dá ìdàgbàsókè ara wọn dúró, kí wọ́n má bàa tóbi débi tí ẹni tó wà níwájú wọn á fi rò pé wọ́n fẹ́ gba ipò òun. Wọ́n mọ̀wọ̀n ara wọn. Èyí tí kò bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, wọ́n á lé e jáde, ẹja ńlá á sì gbé e mì níta.

Nínú òkun, èyí tí wọ́n bá lé ṣì lè sá. Nínú táǹkì, ibi yòówù kó sá gbà, gíláàsì ló máa forí gbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀pọ̀ ìjà tó ń pa ẹja yìí nínú ilé, ọwọ́ àwa tí à ń sìn wọ́n ló ti wá. Àwa la kó méjì tí wọn ò lè gbà fún ara wọn sójú kan, tí a sì ti ọ̀nà àbáyọ.

Irú tí ẹ bá rà ló máa sọ bí wàhálà ṣe máa pọ̀ tó. Amphiprion ocellaris, aláwọ̀ ọsàn onílà funfun mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, ló rọrùn jù. Percula jọ ọ́ débi pé àwọn míì tó ń tà á gan-an kì í yà wọ́n sọ́tọ̀; inú rẹ̀ le díẹ̀ sí i. Irú méjì míì, clarkii àti tomato, le ju ocellaris àti percula lọ. Maroon wá ni baba wọn: abo rẹ̀ lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, akọ rẹ̀ sì lè má ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹ̀gún ńlá sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ojú. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹwà maroon, ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì so ẹja méjì pọ̀ rí, ocellaris ni kó mú. Irú yòówù tí ẹ bá sì mú, kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà. Mo mọ̀ pé ocellaris àti percula lè gbà fún ara wọn, kí wọ́n tiẹ̀ bímọ àdàlù, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí èèyàn ń wá níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n sìn láti inú ẹyin nínú táǹkì ni mo máa ń rà. Wọ́n ti mọ oúnjẹ inú ike jẹ, ojú wọn ti là sí gíláàsì àti ọwọ́ èèyàn, wọ́n sì ti gbé láàárín ogunlọ́gọ̀ ẹgbẹ́ wọn láti kékeré. Èyí tí wọ́n kó lókun máa ń mú àìsàn bọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìrìn àjò á sì ti tán an lókun kó tó dé ọwọ́ ẹni.

Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, mi kì í tètè nawọ́ sí ẹja kankan. Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lóúnjẹ díẹ̀ kí n wò wọ́n." Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí oúnjẹ bá bọ́ sómi ni ẹja máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Èyí tó kọ́kọ́ já jáde, tó ń fi ara ti àwọn tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tó. Èyí tí mo máa ń fara balẹ̀ wá ni ìkejì: ẹja tó kéré sí i, tó ń yà fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n tó ń jẹun dáadáa ní tirẹ̀. Èyí tó ń sá pamọ́ sí igun, tó ń wo oúnjẹ bó ṣe ń kọjá, ẹ má jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe yín. Tí ẹ bá gbé e lọ síwájú ọ̀gá, kò ní lè fara dà á.

Ìyàtọ̀ ìtóbi ṣe pàtàkì ju àwọ̀ àti bí ìlà ṣe tọ́ lọ. Tí ọ̀kan bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, mo fẹ́ kí èkejì wà ní nǹkan bíi 2.5 tàbí 3. Àwọn ọmọ kéékèèké méjì tó dọ́gba ṣì lè gbé pọ̀, torí pé ọ̀kan á yára dàgbà ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ á sì yanjú. Àgbà méjì tó dọ́gba ni kò ṣeé ṣe. Bí clownfish kan bá sì ti ń dá gbé nínú táǹkì fún ìgbà pípẹ́, ẹ kà á sí abo, ì báà jẹ́ pé ẹ ò rí ẹyin rẹ̀ rí. Bí ẹ bá gbé àgbà míì tó ti dá gbé wá bá a, abo méjì lẹ kó sójú kan, àgbò méjì kì í sì í mu omi nínú koto kan ṣoṣo. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ní ìparí rere, torí pé nínú àwọn méjèèjì kò sí ẹni tó lè padà sí akọ, bó tilẹ̀ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi ò gba àlàyé púpọ̀. Kí bakitéríà tó ń sọ amóníà, májèlé tó ń jáde lára ẹja, di nitrite, àti èyí tó ń sọ nitrite di nitrate, ti fìdí múlẹ̀ nínú táǹkì kí ẹja kankan tó wọ̀ ọ́. Amóníà 0, nitrite 0, ìwọ̀n iyọ̀ 1.025 (specific gravity), ooru omi láàárín 25 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius, kó má sì máa lọ sókè sódò. Táǹkì tó gba nǹkan bíi lítà 75 tó fún ocellaris méjì. Maroon fẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ ó kéré tán, torí àtisá akọ.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni táǹkì ìyàsọ́tọ̀, ibi tí ẹja tuntun ti máa ń kọ́kọ́ gbé lọ́tọ̀. Àìsàn kan wà tí àwọn tó ń sin ẹja fi orúkọ clownfish gan-an pè. Kòkòrò tó ń fà á ni Brooklynella hostilis. Ikun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara ẹja, á máa mí gúlegúle lókè omi, kò ní fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Kì í fi àkókò sílẹ̀ fún èèyàn láti rò ó wò: láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti tán. Oògùn bàbà tí wọ́n ń lò fún àwọn kòkòrò ara ẹja òkun míì kì í ká a. Formalin ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀, kẹ́míkà tó léwu fún èèyàn náà, tó fẹ́ ìbọ̀wọ́ àti fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá da ẹja tuntun tààrà sínú táǹkì ńlá, tí àìsàn yìí sì bá a wọlé, kò ní rí ibi tó máa da oògùn sí láìpa àwọn ẹ̀dá inú òkúta rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo máa ń fi ẹja tuntun sí ìyàsọ́tọ̀, nínú táǹkì kékeré tí kò ní ju fílítà, hítà àti ọ̀pá ike mélòó kan tí wọ́n lè wọ̀ sá pamọ́ sí.

Àǹfààní kejì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rò. Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ kò ní onílé. Bí mo bá ra ẹja méjì lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ ni mo máa ń kó àwọn méjèèjì sí pọ̀, kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níbi tí kò sí ẹni tó lè sọ pé òkúta yìí tèmi ni, igun yìí tèmi ni. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa wọ táǹkì ńlá, wọ́n á ti mọ ara wọn. Mo gbà pé òun ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti ní tọkọtaya.

Bí ẹ ṣe ń gbé wọn bọ́ sómi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹja tó rin ọ̀nà jíjìn ti da amóníà sínú omi ọ̀rá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ń mí jáde máa ń fa pH omi náà (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wálẹ̀, pH tó lọ sílẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí amóníà náà pa á. Gbàrà tí ẹ bá tú ẹnu ọ̀rá, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, pH á gòkè, amóníà tó ti jókòó jẹ́ẹ́ á wá di májèlé. Fún ìdí yìí, mi kì í fi ẹja irú bẹ́ẹ̀ jókòó sínú omi ọ̀rá fún wákàtí méjì, kí n máa kán omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀rá náà lé orí omi láìtú u fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ooru wọn dọ́gba, màá wá tú u, màá wọn iyọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti mọ ìwọ̀n iyọ̀ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ń lò, màá ti ṣe omi ìyàsọ́tọ̀ ní irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹja á bọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, màá wá máa gbé iyọ̀ náà gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi inú ọ̀rá, ẹ dà á nù síta. Kí ẹ̀kán rẹ̀ má wọ táǹkì.

Ó kù èyí tó le jù, ìyẹn fífi àlejò bá onílé. Abo kan wà nínú táǹkì mi tó ti sọ igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù di tirẹ̀. Mo wá kékeré kan fún un, ẹja tí kò tó ìdajì rẹ̀, tó ti parí ìyàsọ́tọ̀ tirẹ̀. Àpótí ike tó mọ́ gaara, tó ní ihò wẹ́wẹ́ yíká, ni mo gbé kọ́ ara gíláàsì nínú táǹkì, inú rẹ̀ ni mo sì fi kékeré náà sí. Abo náà dúró lókèèrè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá, ó na gbogbo lẹbẹ́ rẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí àpótí kí ó lè rí bí ẹni tóbi, ó sì fi ẹnu gbá ike náà. Mo gbọ́ ìró láti ìta gíláàsì: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Clownfish máa ń fọhùn lóòótọ́. Ní 2007, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Eric Parmentier, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí clarkii ṣe ń ṣe é: ẹja náà máa ń pa ẹnu dé kíákíá, eyín òkè á gbá tìsàlẹ̀, àgbọ̀n á sì gbé ìró náà jáde.

Kékeré inú àpótí kò sá. Ó yí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dà bíi pé ó fẹ́ sùn lórí omi, ó sì gbọ̀n láti orí dé ìrù, gìrìgìrì, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ó dúró. Abo tún gbá àpótí, òun náà tún gbọ̀n.

Ó ń túúbá ni. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wárápá ló ń gbé e, á sì sáré lọ wá oògùn. Èmi, ìgbà tí mo bá rí ìgbọ̀n yẹn ni ọkàn mi máa ń balẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó tóbi jù ú lọ ni pé òun kò bá a du ipò. Gbogbo ètò tọkọtaya wọn dúró lórí kí ẹnì kan máa túúbá, kí ẹnì kejì sì máa gbà á. Bí kékeré kò bá gbọ̀n rárá, tó ń na lẹbẹ́ tirẹ̀ náà padà, tó ń gbá àpótí láti inú, ẹ má tú u sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ wá èyí tó kéré sí i.

Mo fi í sínú àpótí náà títí abo fi ṣíwọ́ àti máa sáré bá a ní gbogbo ìgbà tó bá yọ, tó wá ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà míì láìṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tú u sílẹ̀, mo fún abo lóúnjẹ yó. Mo gbé òkúta mélòó kan kúrò ní ipò wọn, kí ilé tó mọ̀ má jọ ilé tó mọ̀ mọ́. Mo pa iná táǹkì, mo wá ṣí àpótí náà nínú òkùnkùn. Ẹja méjèèjì kì í ríran dáadáa lóru, ìjà kì í sì í dùn ún jà nígbà tí oorun bá ń kun èèyàn tàbí ẹja.

Ìlékiri wà lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́dọ̀ wà. Abo á sáré tẹ̀ lé kékeré, kékeré á yà, á gbọ̀n, abo á padà sẹ́yìn; lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì abo á gé e jẹ díẹ̀, etí lẹbẹ́ rẹ̀ á já. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè fara da èyí. Wọ́n á ti àwọ̀n bọ omi, wọ́n á yọ ọ̀kan, wọ́n á dá a padà lọ́la, wọ́n á tún yọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ ni wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ yanjú padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lẹ́rán, ẹ kàn máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí a dá sí i? Tí kékeré bá há sí igun lókè omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, tí kò wá sídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn, tí ó ń mí kíákíá láìsí ẹni tó ń lé e, tí lẹbẹ́ rẹ̀ já dé ìdí tàbí tí ìpẹ́ ti ṣí lára rẹ̀, ẹ mú un jáde lójú ẹsẹ̀. Àmì tó burú jù ni pé ó túúbá, kò sì rí ìdáríjì: ó ń gbọ̀n, abo náà kò dúró, ó ń gé e jẹ lọ. Ìyẹn kì í ṣe ètò ipò mọ́, ó fẹ́ pa á ni. Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà náà ni pé onílé ni màá fi sínú àpótí oníhò, tí àlejò á sì máa káàkiri táǹkì fún ọjọ́ mélòó kan, kó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Tí onílé bá padà jáde, ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mo gbà bẹ́ẹ̀, màá wá ẹlòmíì. Àwọn ẹja kan wà tí wọn ò ní gba ara wọn, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin maroon fi àpótí yẹn pàápàá ṣe ilé fún akọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Abo náà á bá a jókòó lójoojúmọ́, á ti ẹnu bọ ihò àpótí, gbogbo ẹni tó bá wò wọ́n á ní ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi bá tú akọ sílẹ̀, eré tí abo á fi lé e kì í ṣe kékeré. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ fún un ni ihò kan láàárín òkúta tí akọ lè gbà wọlé, tí abo kò lè gbà. Pẹ̀lú maroon, màá ní kí ihò irú bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àwọn àmì pé ó ti yanjú kì í pariwo. Wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kékeré á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀. Ìlékiri á kù sí ìgbà oúnjẹ nìkan. Àmì tí mo gbọ́kàn lé jù ni ibi tí wọ́n ń sùn. Lóru, mo máa ń fi iná pupa kékeré wò wọ́n. Tí abo bá fi àyè gba èkejì ní igun tí òun ń sùn, tí wọ́n jọ sún mọ́ra níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Síbẹ̀ ìgbọ̀n yẹn kò ní tán. Tọkọtaya tó ti pẹ́ pọ̀ gan-an, akọ á ṣì máa túúbá lójoojúmọ́. Ìgbà tó bá jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá ni kí ẹ fura.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi ẹlòmíì kún un. Ó máa ń wu èèyàn, mo mọ̀: méjì ti rẹwà báyìí, mẹ́ta ńkọ́? Àwọn tó wà nínú òkun mẹ́rin márùn-ún nínú anemone kan ní gbogbo òkun yíká wọn. Nínú táǹkì ilé, tọkọtaya á pawọ́ pọ̀ lu ẹni kẹta, ó sì sábà máa ń kú. Àwọn tó ń sin ọ̀pọ̀ ocellaris pọ̀ nínú táǹkì kan, láti kékeré lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ti kó wọn sí i, wọ́n sì ní táǹkì mìíràn nílẹ̀ de ọjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ dàrú.

Anemone kò pọn dandan. Ẹja tí wọ́n sìn láti inú ẹyin lè má tiẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi fẹ́ràn pọ́ǹpù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn. Anemone fẹ́ iná tó lágbára àti omi tó ti dàgbà, ó sì lè rìn lóru lọ bá ẹnu pọ́ǹpù, kí ó ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí oró rẹ̀ sì ba gbogbo táǹkì jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, irú anemone tí wọ́n ń pè ní Entacmaea quadricolor ló rọrùn jù láti tọ́jú, ó sì yẹ kí ẹ fi ẹnu pọ́ǹpù sínú fóòmù. Ṣùgbọ́n kí tọkọtaya ti wà kí anemone tó dé. Tó bá ti wà nílẹ̀ fún onílé kí àlejò tó dé, ohun tí onílé ń jà fún ti pọ̀ sí i nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i tí wọ́n ń fi ẹnu nu òkúta kan, àwọn méjèèjì. Ẹyin ló ń bọ̀. Á kọ́kọ́ pọ́n bí ọsàn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ojú dídán wẹ́wẹ́ á máa yọ nínú rẹ̀. Akọ ló ń tọ́jú rẹ̀: á máa fi lẹbẹ́ fẹ́ omi sí i, á máa mú èyí tó ti kú kúrò. Abo ló ń ṣọ́ ìta, ó sì ti gé ìka mi jẹ nígbà tí mo ń nu gíláàsì, kì í ṣe eré. Nínú omi tó gbóná tó 26, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n á fi pa, lóru lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Títọ́ àwọn ọmọ yẹn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá, pẹ̀lú rotifer, ẹ̀dá omi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ, àti táǹkì tiwọn. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ fún un, kó jẹ́ kó lọ.

Clownfish lè lo ju ogún ọdún lọ nínú táǹkì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọjọ́ tí ọ̀kan á kú kí èkejì tó kú. Tó bá jẹ́ akọ ló lọ, abo ló kù, ẹ wá kékeré fún un. Tó bá jẹ́ abo ló lọ, akọ tó kù ni yóò di abo. Ìwà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí padà: ẹja tó ti ń túúbá láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í na lẹbẹ́, á máa lé ọwọ́ yín, á máa tóbi sí i, inú ara rẹ̀ á wá yí padà tẹ̀ lé e, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má gbé àgbà míì wá fún un láti fi rọ́pò ìyàwó rẹ̀. Kékeré náà ni ẹ máa wá fún òun náà, kí ó kéré dáadáa. Ẹ ṣe ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ títí dé òpin bí ẹ ṣe ṣe ti àkọ́kọ́, kódà bí táǹkì bá ti dá páro, torí pé a ò tíì mọ ohun tó pa èyí tó lọ.